Koríko Ṣáájú, Ọkà Tẹ̀ Lé E: Bí A Ṣe Ń Bọ́ Ẹṣin Iṣẹ́ Kí Ó Má Rù Nígbà Òtútù

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ sì kú iṣẹ́. Ẹni tó bá ń tọ́jú ẹṣin nígbà òtútù kì í sùn pẹ́, a mọ̀ ọ́n fún yín.

Ẹṣin iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ wa dá lé: èyí tó ń fa igi gẹdú jáde nínú igbó, èyí tó ń fa kẹ̀kẹ́ ẹrù, èyí tí a ń gùn fún wákàtí mélòó kan lójúmọ́ bí ilẹ̀ tilẹ̀ funfun fún ìrì dídì. Ibi méjì ni irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ ń ná agbára rẹ̀ sí lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń ná an sórí iṣẹ́, ó sì tún ń ná an láti mú ara gbóná. Bí oúnjẹ tó ń wọlé kò bá tó èyí tó ń jáde, ọ̀rá ara ni yóò kọ́kọ́ tán, lẹ́yìn rẹ̀ ni iṣan fúnra rẹ̀ yóò máa jó rẹ̀yìn. Èyí tó wá burú ni pé irun òtútù tó nípọn ń bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ojú á máa rí ẹṣin tó kún dáadáa. Ọjọ́ tí irun bá bẹ̀rẹ̀ sí í re ni egungun ìhà á yọ, tí onílé á ní, “Ìgbà wo lèyí ṣẹlẹ̀?” Ó ti ń ṣẹlẹ̀ láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣe nígbà náà ni kí wọ́n fi agolo ọkà kan kún oúnjẹ. Ibẹ̀ la ti yàtọ̀ sí wọn. Púpọ̀ nínú ẹṣin tó ń rù nígbà òtútù, ọkà kọ́ ló wọ́n wọn. Koríko gbígbẹ tí a gbé síwájú wọn ni kò tó, tàbí tó ti gbó jù, tàbí tí a kò fi òṣùwọ̀n wọ̀n rí. Nítorí náà, koríko la ó kọ́kọ́ sọ, a ó sì pẹ́ lórí rẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìfun

Àpòlúkù ẹṣin kéré sí ara rẹ̀. Ẹṣin tó wúwo tó 500 kìló, àpòlúkù rẹ̀ kì í gbà ju bíi lítà 8 sí 15 lọ. Omi kíkan inú rẹ̀ sì ń sun ní gbogbo ìgbà, yálà oúnjẹ wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Itọ́ tó ń rọ omi kíkan yìí lójú, ìgbà tí ẹṣin bá ń jẹun lẹ́nu nìkan ló ń sun. Bí wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà bá kọjá láìsí koríko lẹ́nu, ewu ọgbẹ́ inú ti ń sún mọ́lé. Ẹṣin tó sì ní ọgbẹ́ inú kì í jẹun tán. Á fi ọkà sílẹ̀, á máa rù, ẹni tó ń bọ́ ọ á sì máa pààrọ̀ oúnjẹ lásán.

Ìfun ẹ̀yìn, ìyẹn àpò ńlá tó wà lẹ́yìn ìfun tín-ín-rín àti ìfun ńlá tó tẹ̀ lé e, ni ilé iṣẹ́ gidi. Kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín àìlóǹkà ló ń gbé ibẹ̀ tí wọ́n ń wó fáíbà, ìyẹn fọ́nrán líle inú koríko, palẹ̀. Èròjà tí wọ́n ń sọ ọ́ dà ni ẹṣin ń fi ṣe agbára, ooru sì ń jáde bí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ náà. Ooru yìí kì í tán bọ̀rọ̀. Ó wà níbẹ̀ fún wákàtí púpọ̀, bí ààrò tí a kò pa iná rẹ̀. Ọkà kì í mú ooru tó bẹ́ẹ̀ wá nígbà tó bá ń dà nínú. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé bí òtútù líle bá ń bọ̀ lóru, koríko ni kí ẹ fi kún, kì í ṣe ọkà, kí ẹ sì fi kún un kí òtútù náà tó dé.

Ibi tí òtútù ti ń di ìnira

Òtútù tí ń mú ènìyàn kọ́ ló ń mú ẹṣin. Ìwọ̀n kan wà tí ooru ìta gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ dé kí ẹṣin tó bẹ̀rẹ̀ sí í jó oúnjẹ nítorí àtimú ara gbóná. Fún ẹṣin tí irun òtútù kò tíì hù sí lára, tàbí tí a ti fá irun rẹ̀, ìwọ̀n yẹn wà nítòsí 5°C. Fún èyí tí irun rẹ̀ ti nípọn tí òtútù sì ti mọ́ lára, ó lè lọ dé 10°C sí 15°C lábẹ́ òdo kí ó tó ni ín lára. Ṣùgbọ́n ara gbígbẹ là ń sọ o. Bí òjò bá rin ín dé awọ, irun á lẹ̀ mọ́ra, afẹ́fẹ́ tó há sáàárín irun tó ń dáàbò bò ó á sì jáde. Òjò pẹ̀lú ẹ̀fúùfù ní 3°C máa ń bá ẹṣin jà ju òtútù gbígbẹ tó wà ní 8°C lábẹ́ òdo lọ. Ìbòji tó lè gba òjò àti atẹ́gùn dúró ń gba oúnjẹ là.

Láti ibi tí ìwọ̀n ìnira yẹn ti bẹ̀rẹ̀, ní gbogbo ìgbà tí ooru bá tún sọ̀ kalẹ̀ ní 1°C, ẹṣin àgbà ń fẹ́ nǹkan bíi 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún sí i lórí agbára tó fi ń gbé ara rẹ̀ ró. A ó lo ìṣirò yìí láìpẹ́.

Wọ̀n ọ́n, kí o sì fi ọwọ́ kàn án

Ẹ má ṣe fi ojú díwọ̀n. Ẹni tí kò bá ní òṣùwọ̀n ńlá tí ẹṣin lè dúró lé lè lo okùn ìwọ̀n lásán. Ẹ wọn àyíká àyà lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú, ní sẹ̀ǹtímítà, nígbà tí ẹṣin bá mí jáde. Ẹ wọn gígùn ara láti ṣóńṣó èjìká níwájú dé ṣóńṣó egungun ìdí lẹ́yìn. Ẹ fi àyíká àyà lọ́po ara rẹ̀, ẹ tún fi gígùn ara lọ́po rẹ̀, kí ẹ wá fi 11,877 pín in. Ẹṣin tí àyíká àyà rẹ̀ jẹ́ 188 tí gígùn rẹ̀ sì jẹ́ 168, ìṣirò á gbé 500 kìló jáde. Ó lè fi díẹ̀ yẹ̀ sí ìwọ̀n tòótọ́, pàápàá fún ẹṣin ńláńlá tó ń fa ẹrù, ṣùgbọ́n bí ẹni kan náà bá ń wọ̀n ọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ní ibi kan náà, ẹ ó mọ̀ bóyá ó ń lọ sókè ni tàbí ó ń bọ̀ nílẹ̀. Ìyẹn gan-an la ń wá.

Lẹ́yìn okùn ni ọwọ́. Ní 1983, Don Henneke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Texas A&M University ní Amẹ́ríkà gbé òṣùwọ̀n kan jáde tó lọ láti 1 dé 9. Ẹni 1 ti gbẹ kù egungun, ẹni 9 ti sanra dé ibi ewu. Ibi mẹ́fà là ń fi ọwọ́ wò: ọrùn, òkè èjìká níbi tí gọ̀gọ̀ parí sí, ẹ̀yìn èjìká, egungun ìhà, ẹ̀yìn níbi ìbàdí, àti ìdí ìrù. Ẹ bọ́ ìbọ̀wọ́ sílẹ̀, ẹ ti ìka bọ inú irun náà. Bí ìka bá kan egungun ìhà láìjẹ́ pé ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, tí ojú kò sì rí i, ẹ wà nítòsí 5. Ẹṣin iṣẹ́ tó ń wọ ìgbà òtútù yẹ kó wà láàárín 5 sí 6. Èyí tó bá wọ̀ ọ́ ní 4 ti jẹ gbèsè kí òtútù tó dé. Láti gbé ẹṣin 500 kìló gòkè ní ipele kan, ó máa ń gbà tó 16 sí 20 kìló ara, iṣẹ́ bíi oṣù méjì sì ni, nígbà tí ojú ọjọ́ bá dára. Nígbà òtútù, tí iṣẹ́ sì ń lọ, ó máa ń nira púpọ̀. Nítorí náà, oṣù méjì ṣáájú òtútù ni iṣẹ́ yìí ti ń bẹ̀rẹ̀.

Koríko: iye rẹ̀ àti bó ṣe rí

Ìpìlẹ̀ ni kí koríko gbígbẹ má dín sí ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo ẹṣin lójúmọ́. Ìdá 2 ni kí ẹ fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀ fún ẹṣin iṣẹ́ nígbà òtútù, kí ẹ sì múra àtigòkè dé 2.5. Fún ẹṣin 500 kìló, ìyẹn jẹ́ kìló 10 dé 12.5 lójúmọ́. Ẹ fi òṣùwọ̀n aláfikọ́ wọn ìdì koríko. Àwọ̀n méjì tí a di koríko sí, tó rí bákan náà lójú, lè fi kìló méjì ju ara wọn lọ, nítorí bí koríko ti ki tó nínú ìdì kọ̀ọ̀kan kò dọ́gba.

Ẹ ṣe ìṣirò àkójọ náà kí òtútù tó dé. Kìló 11 lójúmọ́ fún ọjọ́ 180 jẹ́ kìló 1,980. Ẹ fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kún un fún èyí tó máa dà nù àti èyí tó máa bàjẹ́, ó di nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 2.2 fún ẹṣin kan ṣoṣo. Ẹni tí koríko rẹ̀ bá tán láàárín òtútù á ra ohun tó bá rí, ohun tó bá rí ló sì máa ń jẹ́ koríko gbígbó.

Bí koríko ṣe rí ṣe pàtàkì tó iye rẹ̀. Èyí tí a gé kí ó tó so orí kún fún ewé, ó rọ̀, agbára àti purotéènì inú rẹ̀ sì pọ̀. Èyí tí a gé lẹ́yìn tí orí rẹ̀ ti gbó kún fún igi, ó le lọ́wọ́, ó ń gún ni. Ẹṣin lè jẹ èyí dé ibi tí ikùn rẹ̀ á fi tóbi rọ̀bọ̀tọ̀, síbẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ á máa ṣófo, nítorí ìfun ti kún kí agbára tó tó. Ẹ ti rí ẹṣin tí ikùn rẹ̀ yọ síwájú tí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ sì ta jáde rí? Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, irú koríko yìí ló ṣe é, tàbí aràn. Ẹni tó bá lè gbé koríko lọ sí ilé àyẹ̀wò, kó fi irinṣẹ́ tí ń gún inú ìdì mú díẹ̀díẹ̀ láti inú ìdì bíi 15 sí 20, kó pò wọ́n pọ̀, kó fi ránṣẹ́. Owó àyẹ̀wò yẹn kéré sí owó ọkà tí a óò fi díwọ̀n lásán títí òtútù á fi parí.

Koríko tó ti bu kò ṣe é fún ẹṣin rárá. Èyí tí a dì nígbà tí omi inú rẹ̀ ṣì ju bíi ìdá 15 sí 18 nínú ọgọ́rùn-ún lọ máa ń gbóná nínú ìdì, á sì bu. Eruku rẹ̀ á ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ẹṣin tó ń wúkọ́ kò sì lè ṣiṣẹ́. Bí eruku bá wà díẹ̀, ẹ wọ́n omi sí i, tàbí kí ẹ rẹ ẹ́ fún ìṣẹ́jú 10 sí 30, ó tó. Ẹ má rẹ ẹ́ mọ́jú fún ẹṣin tí ẹ fẹ́ kó sanra: ṣúgà inú rẹ̀ á bá omi lọ, agbára tí ẹ ń wá lẹ dà nù yẹn.

Àwọn kan ń lo koríko tí a fi ọ̀rá (náílọ́ọ̀nù) wé nígbà tó ṣì tutù díẹ̀. Ó dára, kò ní eruku, ṣùgbọ́n omi pọ̀ nínú rẹ̀, nítorí náà ìwúwo rẹ̀ ń tan ni jẹ. Ohun tó wà nínú kìló 10 koríko gbígbẹ, ẹ ó fi bíi kìló 14 irú èyí dí i bí omi inú rẹ̀ bá tó ìdá 40. Bí ọ̀rá rẹ̀ bá lu, ẹ má dán an wò. Májèlé botulism lè wà níbẹ̀, ó sì ń pa ẹṣin.

Àwọ̀n olójú kéékèèké dára fún ẹṣin tó ń yára jẹun tán, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ ọ: bí ojú àwọ̀n bá kéré jù, ẹṣin tó rù kò ní rí èyí tó tó jẹ. Fún irú ìyẹn, koríko tó wà ní gbangba, ní ibi méjì tàbí mẹ́ta, ló yẹ. Ohun tí a fẹ́ rí láàárọ̀ ni koríko díẹ̀ tó ṣẹ́kù. Bí ilẹ̀ bá mọ́ fínnífínní, a kò mọ ìgbà tó ti tán lóru.

Ìṣirò oúnjẹ ojúmọ́

Mẹgakálórì ni wọ́n fi ń wọn agbára oúnjẹ ẹṣin. Ẹṣin 500 kìló tó jókòó lásán ń fẹ́ bíi 16.7 lójúmọ́. Iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ gbé e dé 20, iṣẹ́ tó mọ níwọ̀n dé 23.3, iṣẹ́ líle dé 26.6, iṣẹ́ tó le jù lọ dé 34.5. Koríko tó dára díẹ̀ ní bíi 1.9 nínú kìló kan, ọkà óòtì ní bíi 2.85, òróró sì ní bíi 9.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹṣin tó ń ṣe iṣẹ́ tó mọ níwọ̀n. Kìló 10 koríko fún un ní 19. Ó ku 4.3. Kìló kan ààbọ̀ óòtì dí i pátá, ẹ pín in sí ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ wo bó ti kéré tó! Bí a bá ti kọ́kọ́ fi koríko kún ibi tó yẹ, ohun tó kù fún ọkà kì í pọ̀. Ṣùgbọ́n bí koríko bá jẹ́ kìló 7 péré, 13.3 ló fún un, 10 ló kù, a ó sì nílò kìló mẹ́ta ààbọ̀ ọkà. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Wàyí o, òtútù wá dé 15°C lábẹ́ òdo tọ̀sán-tòru, fún ẹṣin tí ìnira rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 10°C lábẹ́ òdo. Ìwọ̀n márùn-ún ló fi kọjá. Ìdá 12.5 nínú ọgọ́rùn-ún 16.7 jẹ́ bíi 2.1. Kìló kan àti díẹ̀ koríko sí i ti kájú rẹ̀. Kò sí ìdí láti fọwọ́ kan ọkà.

Fún ẹṣin tí iṣẹ́ rẹ̀ le jù lọ, ikùn fúnra rẹ̀ á di ààlà. Kìló 12.5 koríko fún un ní 23.75, kìló mẹ́ta óòtì, ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́, fún un ní 8.55, òróró tó tó ìdámẹ́rin lítà fún un ní bíi 2. Gbogbo rẹ̀ sún mọ́ 34.5. Bí ó bá tún ń rù lórí èyí, iṣẹ́ ni kí ẹ dín kù, nítorí ẹnu rẹ̀ kò lè gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọkà àti ewu rẹ̀

Ìfun tín-ín-rín ló yẹ kí sítáàṣì inú ọkà ti dà. Bí ó bá pọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan, á kọjá sí ìfun ẹ̀yìn láìdà, àwọn kòkòrò ibẹ̀ á sọ ọ́ di omi kíkan, àwọn tó ń jẹ fáíbà á sì máa kú. Ohun tó ń tẹ̀ lé e ni inú rírun, ìgbẹ́ rírọ̀, tàbí àrùn inú pátákò, níbi tí awọ tó so egungun mọ́ pátákò á wú, tí ẹṣin ò ní lè tẹ ilẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí sítáàṣì ju gíráàmù kan lọ fún kìló ara kọ̀ọ̀kan nínú oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan, ìyẹn gíráàmù 500 fún ẹṣin 500 kìló. Níwọ̀n bí ìdajì óòtì, tàbí díẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, ti jẹ́ sítáàṣì, kìló kan óòtì lẹ́ẹ̀kan kò léwu. Àgbàdo ní sítáàṣì tó ju ìyẹn lọ dáadáa.

Ọkà kò rí bákan náà. Óòtì ń dà nínú ìfun tín-ín-rín bí a kò tilẹ̀ sè é. Àgbàdo àti ọkà bálì tútù kì í dà dáadáa níbẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n ti fi ooru ṣe wọ́n, yálà kí a sè wọ́n tàbí kí a fi ooru omi tẹ̀ wọ́n pẹlẹbẹ. Lílọ̀ tàbí fífọ́ nìkan kò tó. Agolo kan náà kò sì jẹ́ ìwọ̀n kan náà: agolo àgbàdo wúwo ju agolo óòtì lọ gidigidi. Ẹni tó pààrọ̀ óòtì sí àgbàdo tí kò pààrọ̀ agolo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ agbára oúnjẹ náà di ìlọ́po méjì láìmọ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n.

Gbogbo ìyípadà, títí kan ti koríko tuntun, ọjọ́ 7 sí 14 ni kí ẹ fi ṣe é, díẹ̀díẹ̀. Oúnjẹ màlúù tàbí adìyẹ kò gbọ́dọ̀ wọ inú ọpọ́n ẹṣin láé. Oògùn monensin tí wọ́n ń fi sínú òmíràn nínú wọn ń ba ọkàn ẹṣin jẹ́, díẹ̀ rẹ̀ sì tó láti pa á.

Lọ́jọ́ ìsinmi, ẹ dín ọkà kù sí ìdajì tàbí kí ó kéré jù bẹ́ẹ̀, kí koríko dúró bó ṣe wà. Ẹṣin tó jẹ ọkà iṣẹ́ ní ọjọ́ tí kò ṣiṣẹ́, nígbà tó bá padà sẹ́nu iṣẹ́, iṣan ìdí rẹ̀ lè le gbagidi, á máa làágùn, á kọ̀ láti rìn, ìtọ̀ rẹ̀ á pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Bí ẹ bá rí èyí, ẹ dá a dúró síbẹ̀, ẹ má fà á rìn lọ sílé, ẹ pe dókítà ẹranko.

Ní ti ọkà àlìkámà sísè gbígbóná tí àwọn àgbà fẹ́ràn láti fún ẹṣin lọ́sẹ̀-ọ̀sẹ̀, ìyẹn èèrí àlìkámà tí a fi omi gbígbóná pò, a mọ̀ pé ìfẹ́ ló wà nídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ooru rẹ̀ kì í pẹ́ lára, phosphorus inú rẹ̀ ga ju calcium lọ (èròjà méjèèjì tí ń kọ́ egungun) ní ìlọ́po bíi mẹ́wàá, ìyípadà òjijì ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ sì ń da ìfun láàmú. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ po oúnjẹ tó ń jẹ lójoojúmọ́, ìfẹ́ náà á ṣe é lóore.

Òróró, bíìtì àti alfalfa

Bí koríko bá ti tó tí ẹ kò sì fẹ́ fi ọkà kún un, ohun mẹ́ta ló wà. Òróró ewébẹ̀ ní agbára tó ju ìlọ́po méjì ti ọkà lọ, kò ní sítáàṣì rárá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mílílítà 50 lójúmọ́, kí ẹ máa fi kún un fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta títí dé 250. Bí ìgbẹ́ bá ń rọ̀ tó ń dán, ẹ ti yára jù. Òróró kò ní purotéènì kankan, ó sì ń mú kí ara fẹ́ fítámìnì E sí i. Koríko gbígbẹ tó ti pẹ́ nílé ti pàdánù púpọ̀ nínú fítámìnì E tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí náà ẹ fi kún un.

Háhá bíìtì, ìyẹn èyí tó ṣẹ́kù nígbà tí wọ́n bá ti yọ ṣúgà kúrò lára gbòǹgbò bíìtì, jẹ́ fáíbà tó rọrùn láti dà, agbára rẹ̀ sì ju ti koríko lọ. Ẹ rẹ ẹ́ dáadáa: èyí tó wà ní hóró líle ń fẹ́ omi tó tó ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún, mọ́jú. Yàtọ̀ sí agbára, ó ń gbé omi wọ inú ẹṣin. Alfalfa, ewéko kan tí a ń gé gbẹ bíi koríko, ní purotéènì tó ń tún iṣan ṣe. Kìló kan sí méjì nípò koríko tó dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀ máa ń hàn lára ẹṣin tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣófo.

Omi

Ẹṣin tí kò mumi kò ní jẹun. Koríko tútù pápá jẹ́ omi ní ìdá 60 sí 80. Koríko gbígbẹ kò ju 10 sí 15 lọ. Nítorí náà ìgbà òtútù gan-an ni ẹṣin nílò omi mímu jù, ìgbà náà ló sì ń mumi dín kù, nítorí pé omi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ di yìnyín kò wù ú. Ẹṣin 500 kìló tó ń jẹ koríko gbígbẹ ń fẹ́ lítà 25 sí 35 bí kò tilẹ̀ ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ á gbé e dé 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Nígbà tí omi bá kéré, koríko á gbẹ, á sì dí ìfun ńlá; inú rírun tó ń wá láti ibi dídí yìí jẹ́ èyí tí òtútù máa ń mú wá jù.

Omi tó wà láàárín 7°C sí 18°C ni ẹṣin ń mu dáadáa. Bí kò bá sí ẹ̀rọ tí ń mú omi gbóná, ẹ gbé omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ wá lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, pàápàá lẹ́yìn koríko àti lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹ fi garawa tí ẹ mọ ìwọ̀n rẹ̀ fún un, kí ẹ lè mọ iye tó mu. Ìrì dídì kì í ṣe omi mímu fún ẹṣin iṣẹ́: yóò ná ooru ara láti yọ́ ọ, kò sì ní rí iye tó tó. Bí ẹ bá ń lo wáyà iná láti mú omi gbóná, tí ẹṣin sì ń fà sẹ́yìn bó bá kan omi náà, ẹ yẹ wáyà wò kíákíá. Iná lè máa gbọ̀n ọ́n lẹ́nu.

Iyọ̀ ló ń mú òùngbẹ wá. Gíráàmù 30 iyọ̀ lásán lójúmọ́ nínú oúnjẹ tó fún ẹṣin tí kò làágùn. Èyí tó ń làágùn ń fẹ́ jù bẹ́ẹ̀, nítorí lítà òógùn kan ń kó bíi gíráàmù 10 iyọ̀ ara lọ. Òkúta iyọ̀ nìkan kì í tó, ahọ́n ẹṣin kò ṣe gbágungbàgun bíi ti màlúù. Ẹ má fi iyọ̀ kún un níbi tí omi bá ti dì.

Ọjọ́ iṣẹ́

Koríko díẹ̀ ṣáájú iṣẹ́ dára, ó ń dáàbò bo àpòlúkù. Ọkà ni kó ti kúrò nílẹ̀ ní wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin ṣáájú. Lẹ́yìn iṣẹ́, omi ló kọ́kọ́ yá, lẹ́yìn náà koríko, ọkà á dúró títí ara á fi balẹ̀, ó kéré tán wákàtí kan. Ẹ gbẹ òógùn kúrò lára rẹ̀ kí ẹ tó fi í sílẹ̀ nínú òtútù. Irun tó tutù lóru ń jẹ oúnjẹ tí ẹ fi owó rà.

Ẹṣin tó ń làágùn púpọ̀ lè nílò kí a fá irun rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fá ibi tó ń làágùn nìkan, ìyẹn ìsàlẹ̀ ọrùn, àyà àti ikùn. Gbogbo irun tí ẹ bá fá, ẹ ó fi aṣọ òtútù tàbí koríko san án padà. Ẹ máa bọ́ aṣọ náà lójoojúmọ́ kí ẹ fi ọwọ́ wo abẹ́ rẹ̀. Aṣọ ń fi rírù pamọ́ ju irun lọ.

Bí oúnjẹ bá pé tó sì ń rù síbẹ̀

Ẹ la ẹnu rẹ̀. Eyín ẹ̀yìn tó mú ṣóńṣó ń gé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹṣin á máa ká koríko jọ sí ẹnu á sì tu ú sílẹ̀ ní ìdì tútù, tàbí kí ẹ rí fọ́nrán koríko gígùn àti odindi hóró ọkà nínú ìgbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni àyẹ̀wò eyín, kí òtútù tó dé. Ẹ̀ẹ̀mejì fún arúgbó. Arúgbó tí kò ní eyín mọ́ kò lè gbé ara rẹ̀ ró lórí koríko gígùn. Koríko tí a lọ̀ tí a sì rẹ títí ó fi rọ̀, pẹ̀lú háhá bíìtì, ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́, ló lè dí i.

Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá nígbà tí wọ́n bá ń jẹun. Nínú ẹgbẹ́ ẹṣin, ẹnì kan wà tí wọ́n máa ń lé. Bí ẹṣin bá jẹ́ mẹ́rin, ẹ gbé òkìtì koríko márùn-ún kalẹ̀, kí wọ́n jìnnà síra.

Lẹ́yìn náà ni aràn. Àyẹ̀wò ìgbẹ́ ń ka ẹyin, ṣùgbọ́n ìdin aràn pupa kéékèèké máa ń fara pamọ́ sínú awọ ìfun ní gbogbo ìgbà òtútù, wọn kì í yé ẹyin níbẹ̀. Ní ìparí òtútù ni wọ́n ń tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ẹṣin á ya ìgbẹ́ gbuuru, á sì rù lójijì. Àwọn ọ̀dọ́ ẹṣin ló ń bá jù. Oògùn tí ń dé ọ̀dọ̀ ìdin yẹn kì í ṣe gbogbo oògùn aràn, nítorí náà ẹ bá dókítà ẹranko sọ̀rọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ òtútù nípa èyí tó yẹ àti ìgbà tó yẹ. Bí eyín bá dára, tí aràn kò sí, tí kò sí ẹni tó ń lé e, tí ìṣirò oúnjẹ sì pé, ṣùgbọ́n tí okùn ìwọ̀n tún sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ léra, ẹ má fi ọkà kún un mọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò.